Kí Ni Mo Fi Ṣe Ọba?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀,
ní kóòtù kékeré kan ní Bradford.
Garawa wà lábẹ́ àjà tó ń jò.
Èmi ni ògbufọ̀. Owó wákàtí ni mo ń gbà.
Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo ní n ò ní fi kún un,
n ò sì ní bù kúrò níbẹ̀,
àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ jẹ́ gàrí inú kóńgò.

Bàbá Oyèékànmí dúró lẹ́yìn gíláàsì,
ẹ̀wù òtútù ọmọ rẹ̀ bò ó dé orúnkún.
Ẹ̀sùn: ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ Láṣebìkan,
nítorí owó àjọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú
tó rìn dé ọwọ́ akápò tí kò rìn padà.
Akọ̀wé ka orúkọ olùpẹ̀jọ́.
Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà: Ọba ló pè yín lẹ́jọ́.
Bàbá kọjú sí mi, kò kọjú sí adájọ́.
"Ọba kẹ̀? Ọba ìlú wo?
Ọkọ̀ Láṣebìkan ni mo fọ́.
Kí ni mo fi ṣe Ọba?"

N ò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Ògbufọ̀ kì í ní ẹnu tara rẹ̀.
Mo gbé ìbéèrè náà kọjá.
Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Ojú àánú ló ní.
Ó ní bí àwọn ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti parí láti oṣù kẹta,
nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, lórí àga oníke.
Láṣebìkan jẹ́wọ́ pé owó náà ni òun fi sin ìyá òun.
Oyèékànmí, ẹni àádọ́rin ọdún, na gbọọrọ fún àbúrò,
ó rọra, nítorí orúnkún.
Wọ́n ní kó ra páálí mọ́ọ̀tì méjì.
Wọ́n mu ún tán níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti fún ọ̀rọ̀ náà ní nọ́ńbà,
nọ́ńbà kì í gbẹ̀bẹ̀.

Kìnnìún àti ẹṣin oníwo kan wà lókè orí adájọ́.
Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n wà lára bọ́tìnnì bàbá bàbá mi,
akódà Ajẹ́lẹ̀, onífìlà pupa,
tó ń fi okùn mú àwọn ará ilé rẹ̀ lọ ṣẹjọ́.
Ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú wa ò létò:
ẹni tó jalè dá a padà, ó bẹ̀bẹ̀,
ó sì lọ sílé lọ jẹun!
Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé
a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.
Òwe náà ò dàgbà. Ó lè jẹ́ àbúrò rélùwéè.

Lọ́ọ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì,
ìwé kékeré lọ́wọ́, ìwà pẹ̀lẹ́,
bi mí pé kí ni èdè wa ń pe ibi tí òfin ò ti múlẹ̀.
Mo wo garawa. Mo ro ti fáìlì tí wọ́n sọ nù lẹ́ẹ̀mejì,
ẹjọ́ tí wọ́n sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta,
ọmọkùnrin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì, dúdú ni gbogbo wọn,
tí ẹnikẹ́ni ò kọ ìwé nípa ẹni tó kó wọn wá.
Mo ní: rúdurùdu.
Ó ní kí n pè é fún òun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ìdájọ́: owó ìtanràn, owó kóòtù,
àti owó kan tó ń jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀,
tí Láṣebìkan ò ní fojú kàn.

Òjò dá àwa mẹ́ta dúró níbùdókọ̀.
Láṣebìkan ló ní agbòjò.
Bàbá dúró tì í, èjìká kan nínú,
èjìká kejì ń gba omi.
N ò lè sọ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.
Mo kọ wákàtí méjì sí fọ́ọ̀mù mi.
Wọn ò fàyè sílẹ̀ fún ohun tí n ò rí gbé kọjá.